Kùrukùru Orí Òkè Kì Í Dédé Pa Awakọ̀ Bàálù

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2008, bàálù kékeré kan, Beechcraft 1900D, gbéra ní Èkó. Bebi ló ń lọ, pápá kékeré tí àwọn tó ń lọ gbafẹ́ lórí òkè Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River máa ń bà sí. Bàálù náà ò débẹ̀. Wọ́n wá a títí, òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ títí, kò sí ẹni tó gbúròó rẹ̀. Ìparí oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó kan àwókù rẹ̀ nínú igbó orí òkè ní Obanliku. Kò sí ẹni tó yè. Nígbà tí àwọn aṣèwádìí ìjàǹbá òfurufú ilẹ̀ wa máa sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sọ ò ta kókó rárá: ìkùukùu wálẹ̀, ojú ò ríran jìnnà, àwọn awakọ̀ ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ dunjú, Bebi sì jẹ́ pápá tí èèyàn gbọ́dọ̀ fojú rí kó tó bà sí i. Síbẹ̀ wọ́n wọ inú ìkùukùu, wọ́n rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òkè sì wà níwájú wọn. Kò tíì ju ọdún kan àbọ̀ lọ sígbà náà tí bàálù Dornier 228 ti àwọn ológun òfurufú, tó ń gbé àwọn ọ̀gágun lọ sí Obudu yìí kan náà, já ní ìpínlẹ̀ Benue, tó sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìjàǹbá bàálù kékeré lórí òkè nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú kì í ṣe àdììtú. Ọ̀nà kan náà ló sábà máa ń gbà wá, ì báà jẹ́ ní Nàìjíríà, ní Malawi, ní Alaska tàbí ní California. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnì ò kú, epo ò tán, awakọ̀ ò mutí. Ohun tó ń pani ni ìpinnu tí wọ́n ti ṣe kí òkè tó dé, nígbà tí ọ̀nà àbọ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ fún ẹni tó bá máa wọ irú bàálù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí pé ipa tí èrò inú ọkọ̀ ń kó níbẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Òkè máa ń ṣẹ̀dá ojú ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé Ìdànrè tàbí Ẹfọ̀n-Aláayè rí lásìkò òjò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ìlú lè mọ́ kedere kí orí òkè má ṣeé rí rárá. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ bọ̀ láti ilẹ̀ tó tẹ́jú á kan ẹ̀gbẹ́ òkè, kò ní ríbi kọjá, á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù: ní gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ bàtà tó bá gùn, ó máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 3 lórí òṣùwọ̀n Celsius tutù sí i. Tó bá tutù dé àyè kan, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á di ìkùukùu. Nítorí náà, ìkùukùu tí awakọ̀ ń rí lórí òkè lè má ti ibì kankan fẹ́ wá. Orí òkè yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é, atẹ́gùn sì ń gbé òmíràn wá rọ́pò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ìròyìn ojú ọjọ́ tí wọ́n kà fún un ní pápákọ̀ tó wà nísàlẹ̀ lè dára, kó sì jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, síbẹ̀ kó má bá ibi tó máa gbà kọjá mu.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wa bàálù. Èkíní ni fífi ojú wà á: awakọ̀ ń wo ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé, ó ń wo odò, ó ń wo títì, ó ń wo òkè. Òfin ní ìwọ̀n tí ojú gbọ́dọ̀ ríran dé kí èèyàn tó lè fò bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, máìlì 3 ni ní ọ̀pọ̀ ibi, kó sì tún jìnnà sí ìkùukùu. Èkejì ni fífi aago wà á, ìyẹn àwọn aago ojú pátákó tó ń sọ bí bàálù ṣe ga tó, bó ṣe ń sáré tó, bóyá apá rẹ̀ dọ́gba tàbí ó ti tẹ̀. Ẹni tó bá máa ṣe èyí gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ àti ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀, kó sì máa ṣe é lemọ́lemọ́ kó má baà gbàgbé ọwọ́ rẹ̀. Bàálù ńlá tí à ń wọ̀ láti Èkó lọ sí Àbújá, aago ni wọ́n fi ń wà á. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wa bàálù kékeré tiwọn, ojú nìkan ni wọ́n mọ̀. Ibi tí ọ̀ràn ti ń dé ni ìgbà tí ẹni tó ń fojú wakọ̀ bá wọ ibi tí ojú ò ti wúlò mọ́.

Ẹ lè ní, ṣé kò lè di ìdarí mú gírígírí kó máa lọ tààrà títí táá fi já síta ni? Kò lè ṣe é, inú etí ló sì ti bàjẹ́. Nínú lọ́hùn-ún etí wa, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀ kọrọdọ wà níbẹ̀, omi ló kún inú wọn. Tí orí bá yí, omi náà á kẹ́yìn díẹ̀, irun wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ á tẹ̀, ọpọlọ á sì mọ̀ pé a ń yí. Ṣùgbọ́n tí yíyí náà bá ń lọ ní ìwọ̀n kan náà fún ìgbà díẹ̀, kò tiẹ̀ ní pé ìdajì ìṣẹ́jú, omi náà á bá orí dọ́gba, irun á nàró padà, ọpọlọ á gbà pé a ti dúró. Tó bá sì jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni bàálù ń tẹ̀, etí lè má gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lórí ilẹ̀, ojú ló ń bá wa tú irọ́ tí etí ń pa. Nínú ìkùukùu, ojú ò rí nǹkan kan àfi funfun.

Bàálù tó bá fi apá kan tẹ̀ á máa yí, imú rẹ̀ á sì máa lọ sílẹ̀. Awakọ̀ gbọ́ tí atẹ́gùn ń han lára ọkọ̀, ó rí i lójú aago pé òun ń sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ ń búra fún un pé ọkọ̀ dúró gangan. Ó wá fa ìdarí sẹ́yìn kí imú lè gòkè. Nítorí pé bàálù ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, fífà yẹn ò lè gbé e sókè, ṣe ló ń mú kí yíyí náà le sí i. Ó tún fà á, ó tún le sí i. Bí wọ́n ṣe ń wọ òyì nìyẹn, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ títí ilẹ̀ á fi gbà wọ́n, tàbí kí apá bàálù ya kó tó délẹ̀. Bí awakọ̀ náà bá sì ṣèèṣì tún un ṣe tó nàró lóòótọ́, etí á tún pariwo pé ó ti ń ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà síbi ikú tó ti kúrò.

Ní ọdún 1954, Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wọ bàálù kékeré mọ̀. Wọ́n mú awakọ̀ 20 tí wọn ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi aago wakọ̀, wọ́n fi wọ́n sínú bàálù gidi tí olùkọ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣe é tí wọn ò fi lè rí ìta. Gbogbo ogún ni ìdarí bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Mọ́kàndínlógún wọ òyì tí mo sọ yìí. Ẹnì kan tó kù gbé imú bàálù sókè títí kò fi lè fò mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 20 ni ẹni tó yára jù lò, 480 ni ẹni tó pẹ́ jù. Tí a bá pín in dọ́gba láàárín wọn, ó jẹ́ 178. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ò pé. Iye yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí, ṣùgbọ́n apá kejì àyẹ̀wò náà ló jẹ́ mí lógún jù. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi wákàtí mélòó kan kọ́ àwọn awakọ̀ wọ̀nyí bí wọ́n ṣe lè fi ìwọ̀nba aago rọra yí padà gba ibi tí wọ́n gbà wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ló bọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe máa padà ni wọ́n kọ́ wọn. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa la ìkùukùu já.

Ìwé àṣẹ nìkan ò sì gbani. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2020, hẹlikọ́pítà tó gbé Kobe Bryant, ìlú-mọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, já sí ẹ̀gbẹ́ òkè ní Calabasas, California. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà nínú rẹ̀ ló kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lára wọn. Awakọ̀ náà ní ìwé àṣẹ fífi aago wakọ̀, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ò ní àṣẹ láti gbé èrò gba inú ìkùukùu. Ó sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú pé òun ń gòkè lọ sí 4,000 ẹsẹ̀ bàtà kí òun lè yọ lókè ìkùukùu. Ní ìgbà tó ń sọ ọ́, ọkọ̀ rẹ̀ ti ń yí sí òsì, ó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kò purọ́. Ohun tí ara rẹ̀ sọ fún un ló sọ fún wọn.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí awakọ̀ ò kàn fò kọjá lókè ìkùukùu àti òkè náà. Bàálù kékeré ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Cessna 172, tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfurufú ń lò kárí ayé, agbára rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 14,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ Colorado nìkan ní ṣóńṣó òkè tó lé ní 50 tó ga jù bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò sì ń pàdánù nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 agbára rẹ̀ ní gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ bàtà. Inú ìkùukùu òkè tó tutù tún ní yìnyín, tó máa ń lẹ̀ mọ́ apá bàálù, táá wúwo, táá sì ba bí apá náà ṣe rí jẹ́ débi tí kò fi ní lè gbé ọkọ̀ dúró mọ́. Abẹ́ ìkùukùu ló wá kù, láàárín àfonífojì.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń há. Ilẹ̀ ń gòkè, ìkùukùu ń sọ̀ kalẹ̀, ògiri òkè méjèèjì ń sún mọ́ ara wọn. Bàálù tó ń sáré kìlómítà 185 ní wákàtí kan, tó sì fi apá tẹ̀ ní ìwọ̀n 30, nílò àyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan kó tó lè yí padà tán. Àwọn tó mọ òkè kì í fò gba àárín àfonífojì. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kí gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ lè wà fún wọn lọ́jọ́ ìṣòro. Ẹni tó gba àárín ti sọ àyè tó ní di ìdajì láìmọ̀.

Atẹ́gùn tún wà ńbẹ̀. Èyí tó gun òkè ní apá kan á já wálẹ̀ ní apá kejì bí omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, bàálù tó bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀ á máa bá a lọ sílẹ̀ bí ẹ́ńjìnì tilẹ̀ ń ké. Steve Fossett, tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó dá nìkan fi bàlúùnù yí ayé po láìdúró, gbéra ní Nevada ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, kò padà. Ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó rí àwókù bàálù rẹ̀ lórí òkè Sierra Nevada. Ojú ọjọ́ tiẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn aṣèwádìí ní atẹ́gùn tó ń já wálẹ̀ lágbára ju ohun tí bàálù rẹ̀ lè fi gòkè lọ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà awakọ̀ fi ní tí atẹ́gùn orí òkè bá ti ju nǹkan bí kìlómítà 46 ní wákàtí kan lọ, kí bàálù kékeré jókòó sílé. Àti pé tí èèyàn bá máa fo góńgó òkè, kó dágùn-ún lọ bá a, kó má kọjú sí i gbọnrangandan, kó baà lè tètè yà kúrò tí nǹkan bá yí padà.

Kí ló wá ń mú kí ẹni tó mọ gbogbo èyí máa lọ? Ojú ọjọ́ kì í ṣú lẹ́ẹ̀kan náà. Awakọ̀ á kọ́kọ́ rí máìlì mẹ́wàá níwájú rẹ̀, yóò di márùn-ún, yóò di mẹ́ta. Èyí tó rí báyìí ò fi bẹ́ẹ̀ burú ju èyí tó rí ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn lọ, ibi tó ń lọ sì ti kù díẹ̀. Á ní kí òun lọ díẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1971, Audie Murphy, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó gba àmì ẹ̀yẹ jù lọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó sì di òṣèré fíìmù, wọ bàálù kékeré kan tí awakọ̀ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò ń rọ̀, ìkùukùu bolẹ̀, awakọ̀ náà ò ní ìwé àṣẹ fífi aago wakọ̀. Ọkọ̀ náà kọlu Brush Mountain ní Virginia, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, Hale Boggs, aṣáájú ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, àti Nick Begich, aṣòfin láti Alaska, gbéra ní Anchorage nínú Cessna 310, wọ́n ń lọ sí Juneau láti lọ polongo ìbò. Wọ́n fi ọjọ́ 39 wá wọn. Títí di òní, a ò rí èèyàn, a ò rí irin.

Àwa náà ti tọ́ ọ wò. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2024, hẹlikọ́pítà kan gbéra ní Palm Springs ní California, ó ń lọ sí Boulder City ní Nevada. Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tó ni báńkì Access, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Abimbola Ogunbanjo, tó ti ṣe alága ilé iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, náà wà níbẹ̀, àti awakọ̀ méjì. Òkùnkùn kùn, òjò òun yìnyín ń rọ̀ nínú aṣálẹ̀ Mojave. Ọkọ̀ náà já nítòsí Nipton, kò sí ẹni tó yè. NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, sọ pé awakọ̀ ń fojú wakọ̀ lọ wọ inú ojú ọjọ́ tí ojú ò ti ríran, kò mọ òkè mọ́ ilẹ̀ mọ́, ìdarí bọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ti sọ nípa ti Calabasas ṣáájú.

Nínú ìwádìí ti Calabasas yẹn, gbólóhùn kan wà tí mi ò lè gbójú fò. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni fipá mú awakọ̀ náà láti lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló di ẹrù náà lé ara rẹ̀ lórí, nítorí pé kò fẹ́ já oníbàárà rẹ̀ kulẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń háyà bàálù ro èyí dáadáa. Oníbàárà lè má sọ nǹkan kan. Pé ó jẹ́ ènìyàn ńlá, pé àwọn èèyàn ń dúró dè é níbi ìnáwó tàbí ìpàdé, pé ó ti sanwó, pé ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ ti tó láti mú kí awakọ̀ sọ pé ká gbìyànjú ẹ̀ wò.

Àwọn àgbà wa sọ pé bí iwájú ò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí. Nínú bàálù, òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní àkókò tirẹ̀. Ẹ̀yìn ṣeé padà sí nígbà tí ìkùukùu ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Tó bá ti bo ọkọ̀ tán, ó di ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá 178. Awakọ̀ tó gbọ́n máa ń pinnu lórí ilẹ̀, kó tó gbéra, ibi tóun máa ti yí padà àti bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí tóun á fi yí padà, kó má jẹ́ pé inú òfurufú, níbi tí ọkàn ti ń gbóná, ló ti ń ro ó. Ní Alaska, níbi tí ọ̀pọ̀ ìlú ò ti ní títì tó já síbẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ti ń gbé kámẹ́rà sí ẹnu àwọn ọ̀nà àárín òkè láti ọdún 1999. Awakọ̀ á wo àwòrán ọ̀nà náà bó ṣe rí ní ìsinsìnyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á wo èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì mọ̀ bóyá òkè tó yẹ kóun rí ti wọ ìkùukùu. Ó yẹ kí Obudu náà ní irú rẹ̀.

Tí ọkọ̀ bá sì já, wíwá a lórí òkè nínú ìkùukùu jẹ́ ìyà lọ́tọ̀, nítorí ojú ọjọ́ tó mú un já náà ni kò ní jẹ́ kí àwọn olùgbàlà débẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2024, bàálù tó gbé Saulos Chilima, igbákejì ààrẹ Malawi, ò lè bà sí Mzuzu nítorí pé ojú ò ríran. Wọ́n ní kó padà sí Lilongwe. Ó já sínú igbó Chikangawa lórí òkè, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kú, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ké pe sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ tí bàálù bá já. Èyí tó ń ké lórí ìgbì rédíò 406 MHz ni sátẹ́láìtì ń gbọ́. Láti oṣù Kejì ọdún 2009 ni wọn ò ti tẹ́tí sí ti àtijọ́, 121.5, mọ́. Bàálù tó ń gba orí òkè láìní èyí tó ń ṣiṣẹ́ lè dùbúlẹ̀ sínú igbó bíi ti Obanliku.

Ẹ̀yin tí ẹ ń háyà bàálù tàbí hẹlikọ́pítà, ẹ̀yin tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí, kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ béèrè bóyá awakọ̀ àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní àṣẹ láti fi aago wakọ̀, àti bóyá ẹ̀rọ 406 wà níbẹ̀ tí bátìrì rẹ̀ ò tíì kú. Tí wọn ò bá ní in, ẹ fi ọjọ́ tó ṣú sílẹ̀, ẹ gba títì tàbí kí ẹ sùn síbi tí ẹ wà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, kí gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń lọ gbọ́ ọ pé: tí ojú ọjọ́ bá yí padà, ẹ dá wa padà, a ò ní bínú. Tó bá sì dá yín padà lóòótọ́, ẹ san owó rẹ̀ pé, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.